Obì Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Jẹ Lọ́nà

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó bà lé Balógun Láògún àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Láògún ni Balógun Òkè-Àpáta. Kò sí ìlú tí wọn ò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ogun méje ló jà, méjèèje ló ṣẹ́. Àmọ́ Àwẹ̀ró tó máa ń fi òrí wọ́ ọ lápá mọ̀ pé apá náà ti ń rọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọkọ òun bá lọ sí ẹ̀kẹjọ, kò ní í padà wálé.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé àrokò dé láti ọ̀dọ̀ ọba Ìsàlẹ̀-Odò. Láògún tú ewé tí wọ́n fi dì í. Kí ló bá níbẹ̀? Ooyà.

"Ooyà tí a fi ń yarun?"

Òun náà ni, Mọ́níyì ọmọ mi. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fi ooyà ránṣẹ́ síni, "àwa àti ẹ ti yà" ni wọ́n wí. Ìjà dé nìyẹn.

Inú bí Láògún. Ó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ ogun.

Àwẹ̀ró ò bá a jiyàn lójú ènìyàn. Ó kúnlẹ̀. "Olówó orí mi, ìránṣẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún un lómi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ lanu láti mu omi. Gbogbo eyín rẹ̀ ló pọ́n.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, obì ta lo jẹ?"

"Ebi ló pa mí lọ́nà, màmá."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ebi. Obì ta ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wolẹ̀. "Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooyà."

"Hẹ̀ẹ́n! Ó ti jẹ ìdajì ọ̀rọ̀!"

Òótọ́ lo wí, Mọ́níyì. Àbí ẹ ò rí nǹkan. Ooyà nìkan: a ti yà. Ooyà pẹ̀lú obì: ẹ yà sílé wa, kẹ́ ẹ wá bá wa jẹ obì. Ọ̀fun ọ̀kánjúwà kan ló fẹ́ kó ìlú méjì sógun.

Àwẹ̀ró sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ létí wẹ́rẹ́, kí ojú má baà tì í. Àwọn ọmọ ogun ti dúró wámúwámú. Láògún ì bá sọ pé òun lòun rí i. Ta ni yóò já a nírọ́? Ṣùgbọ́n ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú bọ́ sáàárín wọn.

"Ooyà ni mo rí, mo fẹ́ kó yín lọ kú. Ìyàwó mi ló rí obì. Ẹ gbé ọrun sílẹ̀. Àwa méjèèjì là ń lọ kí wọn."

Inú Àwẹ̀ró dùn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Ó tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló gbé obì tí wọ́n mú dání.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sóhun tó burú nínú kí alágbára gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Èyí tó le ni kó sọ ọ́ níta pé ìyàwó ló gba òun là.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kà rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn mi há títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́.