Aṣọ́lé Tí Orúnkún Rẹ̀ Ń Kí Àgbà

Ní ìlú Ìsẹ́yìn, obìnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Abíọ́nà. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọmọ tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Abíọ́nà nìkan ni ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ló bí i sí, nínú ọkọ̀, tí òjò ń rọ̀, láti ọjọ́ náà sì ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ lórí ọmọ náà mọ́. Bí Abíọ́nà bá wúkọ́, ìyá á dìde jókòó. Bí Abíọ́nà bá pẹ́ níta, ìyá á mú ìgbálẹ̀ jáde, á máa gbá ẹnu ọ̀nà tí kò dọ̀tí.

Ẹ̀kọ́ ilé ló fi ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ó gbà pé ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, ayé kò ní fi ojú ìbínú wò ó. Nítorí náà, láti kékeré ni Abíọ́nà kò ti lè dárúkọ ẹni tó fi ọjọ́ kan jù ú lọ láìfi "Àǹtí" tàbí "Bùrọ̀dá" ṣíwájú. Bó bá sì ti ń pe ẹni náà, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń tì. Àwọn ará àdúgbò a máa yìn ín pé ó gbẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ á gbọ́, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹni tó mú Abíọ́nà wọ inú eré họ́kì, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ni Ṣìjúadé, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ṣìjúadé ni balógun ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Òkè-Ògùn, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kópa nínú líìgì họ́kì orílẹ̀-èdè. Ó rí bí ọmọ náà ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gba ọsàn tó já bọ́ láti orí igi kó tó kanlẹ̀, ó sì ní, "Èyí kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán. Ẹ fún mi lọ́mọ yìí."

Ìyá Abíọ́nà kò lè kọ̀. Ìyàwó ilé ni òun, Ṣìjúadé sì ti wà nílé kí wọ́n tó gbé òun wọlé, ọkọ ló jẹ́ fún un. Kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ rí. Adúmáadán ló ń pè é, bí àwọn ìyàwó tó mọ̀wà ṣe ń fún àwọn ọmọ ọkọ wọn lórúkọ mìíràn.

"Adúmáadán," ó wí lọ́jọ́ náà, "wọ́n ní bọ́ọ̀lù yẹn le bí òkúta. Kò ní bà á lójú?"

"Ìyàwó wa, aṣọ́lé, ẹni tó ń dí ojú àwọ̀n, la fẹ́ fi í ṣe," ni Ṣìjúadé dá a lóhùn. "Aṣọ́lé ni wọ́n ń dì jù nínú wa. Tó bá wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tán, ìwọ alára ò ní dá a mọ̀."

Lóòótọ́ ni wọ́n dì í. Àṣíborí wà lórí, ìgbàyà wà láyà, tìmùtìmù ńláńlá sì wà lójúgun méjèèjì, Ìyá Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ló tún okùn wọn rán kó má baà já. Nígbà tí sáà líìgì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó kéré tó Abíọ́nà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Ẹnu rẹ̀ ni kò yá.

Aṣọ́lé nìkan ló ń rí gbogbo pápá láti ẹ̀yìn. Òun ló gbọ́dọ̀ máa ké sí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ pé alátakò ń bọ̀ lápá òsì, pé ẹnìkan wà lẹ́yìn wọn. Kóòṣì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fálọ́lá, kò yé sọ fún un pé, "Ẹnu ni ọwọ́ kẹta aṣọ́lé." Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí Abíọ́nà fẹ́ ké sí ló jù ú lọ. Kó tó sọ pé, "Àǹtí Ṣìjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn yín," bọ́ọ̀lù á ti kọjá.

Ìgbà tí líìgì dé Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sín. Àwọn alátakò gba pẹ́nátì kọ́nà. Bí wọ́n ti ń gbá a ni pé ọ̀kan nínú wọn á ti bọ́ọ̀lù jáde láti orí ilà ẹ̀yìn, èkejì á dá a dúró, ẹ̀kẹta á wá fi gbogbo agbára gbá a sójú ilé tí aṣọ́lé ń ṣọ́, nígbà tí àwọn olùgbèjà ń sáré jáde lọ pàdé rẹ̀. Abíọ́nà rí i pé ẹnìkan ti yọ́ gba ẹ̀yìn Ṣìjúadé.

"Àǹtí Ṣìjú," ó pè é.

Orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀. Kò tẹ̀ bí aṣọ́lé ṣe ń tẹ̀ láti múra sílẹ̀, ńṣe ni orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀ bí ẹni tó ń kí ìyá ọkọ láàárọ̀. Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, ó wọ àwọ̀n.

Ọmọbìnrin tó gbá a wọlé sáré kọjá níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ọmọ dáadáa. Bá wa kí wọn nílé."

Ẹ̀rín gba pápá. Obìnrin kan tó jókòó ti Ìyá Abíọ́nà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta nìyẹn?"

Ìyá Abíọ́nà wolẹ̀. Ó ní, "Tèmi ni."

Lẹ́yìn eré náà, kóòṣì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, ọmọ yín dáa, mi ò ní irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n líìgì la wà yìí, kì í ṣe ilé àna. Tí bọ́ọ̀lù kan bá tún tipa ìkúnlẹ̀ wọlé l'Ábújá, màá yọ ọ́ kúrò lójú ilé, mi ò sì ní dá a padà síbẹ̀."

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu Abíọ́nà mọ́. Ó ń fi ṣíbí ti ìrẹsì kiri inú àwo bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé, ìwọ lo so ọmọ yìí lókùn. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Dúró gangan. Pe orúkọ mi."

"Màámi."

"Mo ní orúkọ mi. Èyí tí ìyá tó bí mi sọ mí."

Abíọ́nà la ẹnu, ó pa á dé. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú, kò lè jáde." Ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan ní pẹ̀lẹ́, láìsí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ pe Àǹtí Ṣìjú lórúkọ, kí n gbọ́."

Ìyá Abíọ́nà mí kanlẹ̀. Ó gbìyànjú. Adúmáadán ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Lọ wẹ̀. Omi ti gbóná."

Báyìí ni wọ́n ṣe dé Àbújá fún eré tó kẹ́yìn sáà. Bí ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ bá ta ọ̀mì, wọn yóò wà nínú líìgì. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, wọ́n ti jábọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Abíọ́nà kò ronú nípa líìgì. Ohun tó ń rò kò ju pé bí wọ́n bá lé ọmọ òun kúrò lójú ilé lónìí nítorí ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ ọ, ta ni yóò bá a gbé ojú rẹ̀ sókè? Wọ́n ti wọ́n omi sí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró tí wọ́n ń gbá họ́kì lórí rẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá fọ́n omi náà sókè ni Ìyá Abíọ́nà ń tú gèlè rẹ̀, tó sì ń tún un wé.

Òdo sí òdo ni wọ́n wà nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí. Ìgbà náà ni réfúrì nawọ́, àwọn alátakò gba pẹ́nátì kọ́nà. Àwọn olùgbèjà sáré wọ ojú ilé láti de ìbòjú wọn, kí bọ́ọ̀lù má baà bà wọ́n lójú. Ṣìjúadé dúró níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ojú ilé. Wọ́n ti bọ́ọ̀lù jáde. Ìyá Abíọ́nà kò wo bọ́ọ̀lù, ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Nítorí náà ló ṣe rí ohun tí ọmọ rẹ̀ rí, pé alátakò gíga kan fi pẹ̀lẹ́ yọ́ bọ́ sẹ́yìn Ṣìjúadé, ó na ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró.

Ó rí i tí àṣíborí Abíọ́nà gbéra sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rí i tí orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó mọ orúnkún yẹn. Òun ló kọ́ ọ.

Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Ṣìjú! Ẹ̀yìn rẹ, Ṣìjú!"

Ohùn tíṣà ni, èyí tó ń gba odi kíláàsì mẹ́ta kọjá. Ṣìjúadé yí bìrí, ó fi ọ̀pá gbálẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá bá alátakò náà sì lu ọ̀pá rẹ̀, ó ta sápá òsì. Ẹlòmíràn nínú àwọn alátakò ti wà níbẹ̀, ó gbé ọ̀pá sókè. Ṣìjúadé sáré lọ bá a, ó sì dí ojú Abíọ́nà pa láìmọ̀.

Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti ojú ilé, ohùn tí Ìyá Abíọ́nà kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti bí i.

"Ṣìjú, kúrò lójú mi!"

Ṣìjúadé fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Abíọ́nà rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá bọ̀. Ó wà lórí ìdúró, orúnkún méjèèjì le, ó na ẹsẹ̀, ó gbá a jáde kọjá ilà. Réfúrì fọn fèrè. Ó parí sí ọ̀mì, ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ ṣì wà nínú líìgì.

Àwọn ará Ìsẹ́yìn tó wá wòran kọ́kọ́ hó. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyàwó ilé wọn kọ́ nìyẹn? Òun ló pè é ní Ṣìjú gbàgàdà báyẹn?" Ìyá Abíọ́nà sọ̀kalẹ̀ lọ sórí pápá. Ó ń rò ó bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe dé ilé ṣáájú òun, bí wọn yóò ṣe sọ pé ìyá ló kọ́ ọmọ ní àfojúdi ní gbangba. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ṣìjúadé, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tútù náà.

"Adúmáadán, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má sì bínú sí ọmọ. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi."

Ṣìjúadé nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, "láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ wọlé ni mo ti ń rò pé o ò mọ orúkọ mi." Ó na ọwọ́ sí i. "Dìde, omi wà nílẹ̀. Olè ti gba ẹ̀yìn mi wọlé tán, ìwọ lo ta mí jí. Ṣé o fẹ́ kúnlẹ̀ kí o tó pariwo ni?"

Abíọ́nà ti bọ́ àṣíborí, ó dúró sẹ́yìn wọn, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ṣìjúadé yíjú sí i. "Àti ìwọ. Kúrò lójú mi, àbí?"

"Àǹtí Ṣìjú, ẹ jọ̀ọ́." Orúnkún rẹ̀ tún ti ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣìjúadé fi orí ọ̀pá họ́kì rẹ̀ gbé orúnkún náà dúró kó tó kanlẹ̀.

"Ilé la ti ń kúnlẹ̀," ó wí. "Tá a bá délé, kúnlẹ̀ tó bó ṣe wù ọ́, màá fún ọ lẹ́ran. Lórí pápá yìí, Ṣìjú ni mò ń jẹ́. Kóòṣì, ẹ gbọ́ o. Aṣọ́lé wa nìyí, ẹ má wá òmíràn."

Kóòṣì mi orí pé òun ti gbọ́. Ìyá Abíọ́nà di ọmọ rẹ̀ mú, pẹ̀lú tìmùtìmù, pẹ̀lú ìgbàyà, pẹ̀lú omi tó ń kán lára wọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà sì délé ṣáájú wọn lóòótọ́, bó ṣe bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ìsẹ́yìn kò gbà á bó ṣe rò, ńṣe ni wọ́n yin ìyá àti ọmọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní, bí ewu bá dé tí ọmọdé ń wá ọ̀nà ọ̀wọ̀ láti fi sọ ọ́, pé a kì í fi ìkúnlẹ̀ lé olè.