Bí Àwẹ̀ró Amọ̀kòkò Ṣe Di Yèyé Ajẹ́pè

Ẹ jókòó kí ìdí yín balẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ wú u tán. Omi tí ẹ ń wò lábẹ́ igi àràbà yìí, èèyàn ni kó tó di omi.

Láyé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé, tí àwọn tó tẹ ìlú Ìdí-Amọ̀ dó ṣì ń fi ewé bo òrùlé, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró a-fi-àtàǹpàkò-dárà, ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ń dún gbinrin bí agogo. Ní Ìdí-Amọ̀, a kì í yí ìkòkò. Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ní í rìn yí i ká, yóò bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ létí ìkòkò, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn, ìdí lókè bí ewúrẹ́ tó ń mumi. Nítorí pé kò sí ojú lẹ́yìn èèyàn, ọmọdé ní í dúró ti ìyá rẹ̀ láti máa wo ilẹ̀ fún un.

Ọkọ Àwẹ̀ró ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ìbídùn, ló ń wo ilẹ̀ fún un. Bí ìyá bá ń fi ẹ̀yìn bọ̀, ọmọ á kígbe, "Ìyá, òkúta!" Àwẹ̀ró á yà fún un, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn. Bí ó bá sun ìkòkò tí kò sán, inú rẹ̀ á dùn ṣìnkìn, àmọ́ kó tó gbé ọbẹ̀ alẹ́ kaná, adùn náà á ti lọ. Ó bi ará ilé rẹ̀, Ìyá Ọdẹ́wálé, pé, "Ọgbọ́n wo lèèyàn máa ní, tí inú rẹ̀ á fi máa dùn tí kò ní tán?"

Ìyá Ọdẹ́wálé ní, "Àwẹ̀ró, ebi ló ń pa ọ́. Lọ jẹun."

Èyí bí i nínú. Ó ti gbọ́ pé bàbá ọlọ́gbọ́n kan ń gbé lórí àpáta, lẹ́yìn odò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ju aṣọ sí èjìká, ó fi ọmọ ti Ìyá Ọdẹ́wálé, ó sì kọrí sọ́nà. Ìbídùn sáré jáde, ó gbé ìkòkò kékeré kan lọ́wọ́, amọ̀ títí dé ìgbúnwọ́. "Ìyá mi! Ẹ wá wò ó! Èmi ni mo mọ ọ́n!"

"Mò ń bọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà pè é títí ó fi kọjá kọ́nà.

Nígbà tó dé orí àpáta, ó bá bàbá náà níbi tó ti ń sun àgbàdo. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Bàbá ní, "Ta ló pè ọ́ kẹ́yìn kí o tó kúrò nílé?"

"Ọmọ mi ni, bàbá."

"Kí lo rí nígbà tí o wò ó?"

"N kò wò ó."

Bàbá mú àgbàdo kan lórí iná, ó fi lé e lọ́wọ́. "Padà lọ wò ó. Bí o bá wò ó tán tí ìbéèrè yìí ṣì wà lẹ́nu rẹ, máa bọ̀."

Ó rò pé bàbá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Gbogbo ìrìn yìí, kí wọ́n ní kí òun lọ wo ìkòkò ọmọdé! Ó bá kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n mìíràn, láti ìlú dé ìlú, ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀kan kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ tí ọkàn ń rọlẹ̀, ọ̀kan kọ́ ọ bí a ṣe ń dárí ji ẹni tó ṣẹni. Gbogbo rẹ̀ dára, irọ́ kọ́, àmọ́ kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ tó lè bá lò ó. Nígbà tó yá, ìyá àgbà kan ní kó máa la ẹnu láràárọ̀, kó máa dárúkọ ohun tó dùn mọ́ ọn jù láyé. Àwẹ̀ró la ẹnu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tó bọ́ jáde ni, "Ìyá, òkúta!" Lọ́jọ́ kejì, òun náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ẹrù rẹ̀, ó ń sunkún lọ sílé.

Ní ẹnu ọ̀nà Ìdí-Amọ̀, níbi tí a máa ń gbé omi sí fún èrò ọ̀nà, lábẹ́ àràbà yìí gan-an, ó bá ìkòkò ní ìlà. Èyí àkọ́kọ́ kéré, ó wọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e tóbi díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tóbi sí i, tí wọ́n ń dára sí i, bí ọwọ́ ọmọ tó ń dàgbà, títí dé èyí tó kẹ́yìn, tó rí bí iṣẹ́ ọwọ́ Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀, tí omi kún inú rẹ̀.

Ìyá Ọdẹ́wálé ń bọ̀ lókèèrè, ó ti darúgbó, ó ń tẹ̀pá. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Àwẹ̀ró."

"Háà! O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Ìbídùn ti lọ ilé ọkọ. Àná ni wọ́n sìn ín lọ. Òun ló bu omi yẹn. Ó ní bí o bá dé, kí n sọ fún ọ pé òun pè ọ́ títí ni."

Àwẹ̀ró gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé etí ìkòkò tó kẹ́yìn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ohùn kan. Òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kígbe. Ìyá Ọdẹ́wálé rí i, ṣùgbọ́n kí ohùn arúgbó tó jáde, Àwẹ̀ró ti kọsẹ̀, ó ṣubú lu ìkòkò, ìkòkò fọ́, omi dà sílẹ̀. Ilẹ̀ là, Àwẹ̀ró wọlẹ̀, omi sì ru jáde níbẹ̀, kò sì gbẹ láti ọjọ́ náà.

Ilé ọkọ jìnnà; kí ìròyìn tó dé ibẹ̀, Ìbídùn ti lóyún, ó sì gbé oyún náà wá. Ó dúró létí omi. "Ìyá mi!" Omi ru gùdù, ó ṣàn wá bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbídùn wò ó, ó wò ó. Ó ní, "Ẹ pẹ́ jù." Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ bu omi náà mu. Òun ni ìyálórìṣà àkọ́kọ́ níbí.

Ìdí nìyí tí a fi ń kí i ní Yèyé Ajẹ́pè, omi abẹ́ àràbà, a-gbọ́-ohùn-ọmọ-ru-gùdù. Ìdí nìyí tí a kì í fi gbé ìkòkò olówó iyebíye wá bọ ọ́, bí kò ṣe èyí tó wọ́, tí ọmọdé fọwọ́ mọ, àti àgbàdo sísun. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń fi ẹ̀yìn rìn yí omi ká, tí ọmọ yín ń kígbe òkúta fún yín. Ẹ má tọrọ ayọ̀ tí kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò rí i mú. Ẹ ní, "Yèyé, jẹ́ kí n gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pè mí." Èèwọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹni tí wọ́n bá pè nígbà tó ń bọ̀ níbí, tàbí tó bá ti jókòó pàápàá, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ń bọ̀ kó má lọ.

Ọmọ ta ló ń pe ìyá rẹ̀ lóde yẹn? Ìwọ ni, àbí? Dìde, lọ wo ohun tó fẹ́ fi hàn ọ́. Omi yìí ò lọ síbì kankan.