Màrìwò Ọba Lẹ́yìn Ìjàpá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi já pàrà bí ẹ̀ka gbígbẹ, kò bọ́ lé ẹlòmíràn lórí, Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló bọ́ lé. Ẹ̀yin ọmọ, ta ló mọ ìdí tí ẹyẹ àkókó fi ń kan igi kan náà lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, bí ẹni tí kò gba igi kankan gbọ́? Ẹ fara balẹ̀. Ọwọ́ Ìjàpá wà nínú rẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko, ọdún kan wà tí oníkálukú gé igi àgbàlá rẹ̀. Ìjì dé. Kò sí igi tí yóò dá a dúró, ló bá kó òrùlé gbogbo ìlú lọ, ti ọba pẹ̀lú. Ni Ọba Kìnnìún bá ṣòfin: igi inú ọgbà ẹni, ti ẹni ni, gígé rẹ̀, ti ìlú ni. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe Àkókó. Àkókó yóò fi ẹnu kan igi náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dún kì, igi yè, kí onílé lọ jókòó. Bí ó bá dún kò-ò bí agbè òfìfo, igi ti kú nìyẹn. Àkókó yóò fi oje igi lẹ màrìwò mọ́ ibi tí ó kàn gan-an. Ohun tí màrìwò ọba bá wà lára rẹ̀ ni Erin, agégi ọba, yóò gé. Kò gbọdọ̀ gé ohun mìíràn.

Àdàbà ń gbé orí igi òdán tó wà ní àgbàlá Ìjàpá. Aya rẹ̀ yé ẹyin méjì, ó sì kú. Àdàbà nìkan ló ń sàba. Apá kan ìtẹ́ ni ó máa ń jókòó sí. Ó fi apá kejì sílẹ̀.

Lókè orí rẹ̀, àwọn oyin kọ́lé sínú ihò igi náà. Afárá wọn kún títí ó fi ń kán sílẹ̀. Ìjàpá á la ẹnu sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán kan á bọ́ sí i lójú. Kò lè gun igi. Ọgbọ́n kan ló kù: kí igi wá bá a nílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó gbójú sókè.

"Àdàbà, o kú ìtọ́jú ẹyin o."

"Ẹ ṣeun, onílé mi."

"Igi yìí ti kú o. Tètè wá ibòmíràn."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé ni, baba."

"Ewé ojú ayé lásán ni. Àwọn mìíràn á ti kú tán, wọ́n á ṣì máa múra."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹyin yìí pa ná. Mi ò lè gbé wọn fò."

"Ṣé èmi ni? Òfin ni. Mo ti ránṣẹ́ pe Àkókó."

Ọkàn Àdàbà balẹ̀ díẹ̀. Ó mọ̀ pé igi yè. Àfi bí ó ṣe wolẹ̀ tí ó rí Yánníbo tó ń fi amọ̀ àti èèpo igi ra ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ihò kan wà ní ìdí òdán náà. Ìjàpá ki orí bọ̀ ọ́, ó fi ẹ̀yìn dí ẹnu ihò pa. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kókó igi ni.

Àkókó fò dé, ó ń kánjú. Yánníbo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìránṣẹ́ ọba. Ibí ni àrùn ti mú un. Ibí gan-an ni kí ẹ kàn."

Àkókó kàn án. Kò-ò!

"Ó ti kú."

"Ìjàpá lẹ kàn yẹn!" Àdàbà ké lókè.

"Ta nìyẹn?" Àkókó bi Yánníbo.

"Ayálégbé wa ni. Ẹ má dá a lóhùn. Láti ìgbà tí aya rẹ̀ ti kú ni orí rẹ̀ ti dàrú."

"Ó mà ṣe o," ni Àkókó wí. Ó lẹ màrìwò mọ́ ibi tí ó kàn, ó fò lọ.

Àdàbà wo ibi tí màrìwò wà. Ó tún un wò. Ó padà sórí ẹyin rẹ̀.

Yánníbo sáré wọlé lọ wá igbá. Ìjàpá jáde nínú ihò, ó ń jó. Ẹ bá a gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Igi ń bọ̀ nílẹ̀ o,
Kíńdìnrín-kíńdìn!
Oyin á kún igbá o,
Kíńdìnrín-kíńdìn!

Màrìwò ń jù fìrìfìrì lẹ́yìn rẹ̀. Kò rí i. Ta ló ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀?

Erin dé pẹ̀lú àáké.

"Òdán yìí ni, Baba Erin," ni Ìjàpá wí. "Ẹ gé e láti ìdí."

Erin yí igi ká. Ó tún yí i ká. "Mi ò rí màrìwò."

Àdàbà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Baba Erin, ẹ wo ẹ̀yìn onílé."

Erin wò ó. "Hẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ igi yìí, dúró jẹ́ẹ́."

"Èmi kì í ṣe igi!"

"Màrìwò ọba wà lára rẹ. Àkókó ní o ti kú."

"Ṣé òkú ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Agégi ni mí. Bí ẹjọ́ bá wà, lọ rò ó fún Àkókó." Erin fi ẹ̀yìn àáké kàn án wò. Kò-ò! "Àkókó ò parọ́. Inú rẹ̀ ṣófo."

Wéré, Ìjàpá fa orí, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń ké: "Mo jẹ́wọ́! Igi yè! Oyin ni mo fẹ́! Àdàbà, bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Erin gbé àáké sókè. Ó wo Àdàbà.

Àdàbà wo apá kejì ìtẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Baba. Ó ní ìyàwó nílé."

Àsìkò náà ni Yánníbo gbé igbá jáde. "Ọkọ mi, ṣé oyin ti délẹ̀?"

Erin gbé Ìjàpá, ó di iwájú Ọba Kìnnìún.

Ọba ní kí Ìjàpá máa bomi rin òdán náà títí òjò yóò fi dé. Igbá oyin ni ó fi ń pọn omi. Ẹyin pa. Àwọn ọmọ Àdàbà sì kún apá kejì ìtẹ́.

Ìtìjú bá Àkókó. Ìdí nìyí tí kì í fi kan igi lẹ́ẹ̀kan mọ́; á kan òkè, á kan ìsàlẹ̀, á kan ọ̀tún, á kan òsì, bóyá Ìjàpá ló tún wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá kan ẹ̀yìn ìjàpá, ẹ ó rí i tí yóò fa orí wọlé. Ó rò pé Erin ti dé ni.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kó dún bí òkú igi. Bí n kò bá parọ́, kó dún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Pó. Pó. Pó.