Ìkòkò Odò tí Òkété Yá

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó wọ odò, ó bá Òkété ọ̀lẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, Igún ni agbálẹ̀ ìlú ẹranko. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá ti jù sílẹ̀, yóò gbá a lọ sódò. Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ìkòkò àwọn ará odò. Ẹni tó bá yá ìkòkò lọ́wọ́ wọn á gba ìkarahun kan ṣe àmì pé ọwọ́ òun ni ìkòkò wà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì dá ìkòkò padà.

Òkété yá ọ̀kan, ó sebẹ̀ tán, ó ju ìkarahun nù. Igún gbá a. Ó yá èkejì, ó tún ju tiẹ̀ nù. Àwọn ìkòkò wà nílé, wọ́n ń wú, wọ́n ń mí, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ni wá o?
— Kò sẹ́ni, kò sẹ́ni.

Nígbà tí Òkété kò rí ibi sùn mọ́, ó sunkún tọ Alántakùn lọ. Alántakùn bá a dá méjèèjì padà, ó sì fi òwú gígùn so ìkòkò kẹta tí Òkété tún yá mọ́ ìkarahun rẹ̀.

“Bí Igún bá ti gbá ìkarahun, òwú á wọ́ ìkòkò lọ sódò. Ṣùgbọ́n, Òkété, má jù ú sílẹ̀ tí o kò bá tíì lò ó tán o!”

“Mo gbọ́.”

Òkété jẹun yó, ó ju ìkarahun síta. Ló bá rántí ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó ń lá a. Ìgbálẹ̀ dún níta, ṣààà. Òwú le. Ìkòkò gbéra.

Títí dòní, bí ẹ bá lọ pọnmi, ẹ ó gbọ́ ohùn Òkété nísàlẹ̀ odò:

Ta ló ni mí o?

Àwọn ìkòkò á sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ti ọ̀tẹ̀ yìí, ẹ má bá wọn gbè é.