Ẹnubodè Mojẹ̀bi

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí àwọn ẹlẹ́ṣin ará ọ̀dàn dé Òkè-Ọsán. Àwọn tó sá àsálà láti ìlú méjì tí wọ́n ti jó ló mú ìròyìn náà wá, pẹ̀lú eérú lórí. Síbẹ̀, ọkàn àwọn ará Òkè-Ọsán balẹ̀, nítorí odi tuntun tó yí wọn ká. Akíntọ́mìdé, olórí wọn, ló darí iṣẹ́ rẹ̀: ọmọ Ọ̀ṣọ́lẹ̀, ọkùnrin dúdú bí ìdí ìkòkò, akọni tó kó wọn kúrò ní oko ẹrú wá tẹ ìlú dó sórí òkè náà.

Òun àti Balógun nìkan ló mọ̀ pé odi náà kò dára. Bí a bá mọ ipele amọ̀ kan, ó yẹ kí ó gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Akíntọ́mìdé kò jẹ́ kí apá ìwọ̀-oòrùn gbẹ, nítorí ó fẹ́ kí àlejò ọdún bá odi ní pípé. Òjò ti wá mu inú rẹ̀ rin.

“Ẹ jẹ́ ká fi ẹfun kùn ún,” ni Balógun wí. “Bí àwọn ará ìlú bá gbọ́, wọn á sá, ẹ̀yin náà á sì di ẹni ìtìjú.”

Akíntọ́mìdé dáhùn pé, “Ẹni tí a fi irọ́ tẹ́ sùn sẹ́yìn ògiri, ògiri náà ni yóò jí i.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe tọmọdé tàgbà sídìí odi ìwọ̀-oòrùn náà. Ó fi ẹrúkọ́ gún odi náà níṣojú wọn. Igi wọlé bí ìgbà tí a ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ.

“Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀bi yìí, tèmi ni. Ẹ ṣiṣẹ́, èmi ni mo kán yín lójú. Ibí yìí ni ogun yóò gbà wọlé. Ọ̀nà odò ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó máa lọ, n kò ní bínú. Èmi yóò dúró síhìn-ín.”

Abẹ́jẹ́, àgbà amọ̀kòkò, tó ti bí ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó bí olórí, ló fọhùn.

“Akíntọ́mìdé, mo wí fún ọ pé amọ̀ kì í sáré. O ní ẹnu arúgbó ti gùn jù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dára. Ògiri tuntun kò lè gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ yàrà sẹ́yìn èyí. Ẹ fún mi ní ọkọ́. Ẹ má fún òun ní tirẹ̀ o, yóò tún sáré.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dúró. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó gba ọ̀nà odò. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin dé, wọ́n rí ibi tí òjò ti mu, wọ́n fi àyà ẹṣin wó odi rírọ̀ náà, wọ́n sì já sínú yàrà, tẹṣin tènìyàn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn tó kù ti sá padà.

Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló kú nínú àwọn ará ìlú. Akíntọ́mìdé kò rán ìránṣẹ́. Ó lọ sílé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sọ bí òkú wọn ṣe kú, kò sì dín ọ̀rọ̀ kù. Ilé Abẹ́jẹ́ wà nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ àgbà ló kú. Ìyá náà bomi fún un, ó sì jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọn kò mọ àlàfo odi náà padà. Ẹnubodè Mojẹ̀bi ni wọ́n ń pè é. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ń joyè olórí ní Òkè-Ọsán tí kì í kọ́kọ́ mú ẹrúkọ́ dúró níbẹ̀, kí ó sì sọ àṣìṣe kan tí ó ti ṣe, lójú gbogbo ènìyàn tó pé jọ. Bí ó bá ní òun kò ní, wọ́n á rọra gba ẹrúkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn.