Ẹ̀bẹ̀ Ọdẹ́níran Lọ́dọ̀ Àwọn Ará Ìdí Gbòǹgbò

Ẹ fi ìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Apá tí ń jẹ́ Ọdẹ́níran. Ọmọ ọdẹ ni, ọmọ-ọmọ ọdẹ ni. Ó mọ igbó bí ẹni mọ ìyẹ̀wù, ó mọ oko bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́. Àwọn àlejò kan wá kọ́lé sí etí odò wọn, wọ́n ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù níbẹ̀ kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ tà. Èéfín ń bà lé ewé, omi ìdọ̀tí ń wọ ilẹ̀, ará ìlú sì ń jẹ ẹ̀fọ́ tó hù níbẹ̀. Kò pẹ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọdé, tí gìrì ń mú wọn. Àkọ́bí Ọdẹ́níran kú. Èkejì, Àjíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀ pé mọ́. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò sọ pé òjé ni, inú ilẹ̀ ló sì ti ń wá. Àbẹ̀fẹ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kó lọ sí ìlú òun. Ọdẹ́níran kọ̀. Ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í fi ilé sílẹ̀ fún òjò. Kí ó dúró de òun, òun ń lọ sí Igbó Abẹ́-Ilẹ̀, níbi tí baba òun ti sọ pé àwọn tó ń ṣọ́ gbòǹgbò ń gbé, kí òun lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wẹ ilẹ̀ náà mọ́.

Oṣù méje ló fi rìn. Ó gun òkè tí ọ̀bọ ń gùn tí ń mí hẹlẹ, ó la àfọ̀ tí ẹfọ̀n ń là tí ń ronú ikú, títí ó fi kan iwin kan lẹ́nu ibodè. Orí iwin náà rí bí òkìtì ọ̀gán, irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn, bí ó bá mí, erùpẹ̀ a máa dà sílẹ̀ ní imú rẹ̀.

Iwin náà wí pé, “Ọmọ aráyé, mo bi àwọn ọdẹ tó gba ibí ṣáájú rẹ pé kí ló lágbára jù, wọ́n ní erin ni. Mo dá wọn padà. Ìwọ ńkọ́?”

Ọdẹ́níran dáhùn pé, “Bàbá, ohun tó pa ọmọ mi kò ní eyín, kò ní èékánná, ojú mi kò sì rí i rí. Ohun tí ojú kò rí ló lágbára jù.”

Iwin náà fi erùpẹ̀ ra á lójú, ó sì yà fún un. Nígbà náà ni Ọdẹ́níran rí ìlú ńlá kan ní ìdí gbòǹgbò koríko kan ṣoṣo. Àwọn ará ibẹ̀ kéré ju eruku lọ. Àwọn kan rí roboto bí hóró ọkà bàbà, àwọn kan gùn bí ìgbálẹ̀, àwọn kan ní ìrù bí pàṣán. Gbòǹgbò ń ta oje dídùn sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ń lá a, àwọn náà sì ń gbèjà rẹ̀. Òjé ń bọ̀, ó wúwo, kò pariwo. Àwọn kan ń fi itọ́ yíyọ̀ dì í, àwọn kan ń gbé e mì, wọ́n ń kú tòun ti òjé nínú, àwọn ọmọ wọn sì ń gun òkú wọn kọjá lọ sójú ìjà.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà wọn, ó ro ẹjọ́ rẹ̀.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, òjé kì í jẹrà, iná kì í jẹ ẹ́ tán. A ò lè pa á. Mímú la lè mú un dání. Ẹni tó sì di ejò lọ́rùn mú, kò ráyè na ọwọ́ kí àlejò. Àtiwẹ ilẹ̀ rẹ mọ́ yóò gbà ju ọjọ́ ayé rẹ lọ, àti ti ọmọ rẹ. Ṣé iná àwọn àlejò yẹn ti kú?”

“Rárá, ìyá.”

“Ọmọ tó kù ńkọ́? Níbo ló wà? Kí ló ń jẹ?”

Ọdẹ́níran ti dáhùn ìbéèrè iwin, ṣùgbọ́n èyí gún un bí ọfà olóró, nítorí ilá etí odò ni Àjíkẹ́ ń jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n dúró. Ìyá náà fún un ní ìṣùpọ̀ erùpẹ̀ kan, ó ní kí ó gbin koríko sí i, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, kí ẹran má jẹ ẹ́, nítorí òjé yóò wà nínú rẹ̀.

Ó sáré padà. Àbẹ̀fẹ́ ń bẹ nílé, ó ti dúró gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti wí. Àjíkẹ́ jókòó sí ẹ̀bá ògiri, ó wo baba rẹ̀ bí ẹni wo àjèjì, ó sì tún yíjú sí erùpẹ̀ tó ń fi ṣeré. Àbẹ̀fẹ́ kò bá a jà. Ó kàn ní, “A dúró dè ọ́.” Ọdẹ́níran gbin koríko náà, ó gbé ọmọ pọ̀n lójú gbogbo ìlú, wọ́n sì kó lọ sí ìlú Àbẹ̀fẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ ní koríko náà tutù, kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ, èéfín àwọn àlejò sì ti di méjì. Àjíkẹ́ kò mọ orúkọ baba rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, èyí ni mo ní fún yín: bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ tó wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Àwọn tó ń tún un ṣe ń bẹ, wọn kò sì sùn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè yára fún ẹnikẹ́ni. Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ wo ohun tó wà nínú ìkòkò yín.