Ẹsẹ̀ Mùtáírù Kò Kan Bọ́ọ̀lù

Mùtáírù, ẹlẹ́sẹ̀ ehoro tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Òkè-Ọ̀sà, ní òun ò ní tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tuntun àfi tí Olóyè Fágbàmígbé, tó ni ẹgbẹ́ náà, bá fi kún owó òun. Olóyè ní, “Bó o bá tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ ká na Ìsàlẹ̀-Odò lọ́la, kí ẹsẹ̀ rẹ má sì kan bọ́ọ̀lù rárá.” Àlàní onígbàjámọ̀, tó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ẹgbẹ́ yìí, figbe ta: “Ẹ kúkú ní kí apẹja má kan omi!” Mùtáírù ní, “Mo gbà, sà.” Bí wọ́n ṣe fọn fèrè lọ́jọ́ kejì, ó rọra rìn lọ sí igun pápá, ó dúró síbẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn Ìsàlẹ̀-Odò sáré tẹ̀ lé e, torí kóòṣì wọn ti búra pé ẹni tó bá jẹ́ kí Mùtáírù bọ́ lọ́wọ́ òun á fẹsẹ̀ rìn délé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, wọ́n yí i ká. Ó lọ mumi létí pápá, wọ́n sìn ín lọ. Ẹ̀yìn wọn dá páropáro, àwọn ọmọ Òkè-Ọ̀sà sì gbá góólù méjì wọlé. Àlàní fò sókè títí fìlà rẹ̀ fi sọnù. Lẹ́yìn eré, Olóyè ní, “Ṣebí ńṣe lo kàn dúró!” Mùtáírù ní, “Ẹ wo ẹ̀yìn mi, sà.” Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ṣì dúró gbọn-in níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àlàní ní, “Ọ̀gbẹ́ni, máa lọlé, bọ́ọ̀lù ti parí.” Ọkùnrin náà ní, “Kí òun kọ́kọ́ lọ ná.” Olóyè bú sẹ́rìn-ín, ó fa bíírò yọ.